Lọ́yà Tí Kì Í Fẹ́ Kí Ẹ Dé Kóòtù

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú àfọ̀wọ́rọ̀wọ́. Owó tí a jọ ń dá jọ yìí, Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí a fi ṣe ẹjọ́.

Ẹ ṣe àmín yẹn dáadáa, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí mo bá pe "lọ́yà," ta ni ọkàn yín ń lọ bá? Ẹni tó wọ gáùnù dúdú ni, àbí? Ẹni tó dé wíìgì, tó ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí títí ẹlẹ́rìí yóò fi máa làágùn. Lóòótọ́, lọ́yà nìyẹn. Àmọ́ apá kan iṣẹ́ náà ni. Apá kejì kò ní gáùnù nínú. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú bírò àti sùúrù, nígbà tí ẹni méjì ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Iṣẹ́ sọ̀lísítọ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ìgbà wo la máa ń pa á? Ìgbà tí a bá ti pe ara wa lẹ́jọ́ tán! Ẹni kan wà nínú iṣẹ́ òfin tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kí ẹ má dé kóòtù. A kì í pè é lásìkò. Ó ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ó dun ẹ̀yin náà.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE PÍN

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti mú púpọ̀ nínú òfin wa wá, ọ̀tọ̀ ni bárísítà, ọ̀tọ̀ ni sọ̀lísítọ̀. Sọ̀lísítọ̀ ni ará ìlú ń tọ̀ lọ bó bá fẹ́ ra ilé, bó bá fẹ́ ṣe wíìlì, ìyẹn ìwé ìhágún, bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá dojú rú. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti kóòtù gíga, sọ̀lísítọ̀ yìí náà ló sábà máa ń lọ wá bárísítà tí yóò dúró níwájú adájọ́. Òfin kan ti ọdún 1990 ti ṣílẹ̀kùn fún sọ̀lísítọ̀ tó bá gba ìwé ẹ̀rí kún un pé kí òun náà lè sọ̀rọ̀ ní kóòtù gíga, àmọ́ ìpín méjèèjì ṣì wà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ẹ tẹ́tí sí wọn lórí fóònù. "Sọ̀lísítọ̀ mi sọ pé..." ni wọ́n máa ń wí.

Tiwa ní Nàìjíríà kò pín bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ yín sí iṣẹ́ amòfin, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé ní Kóòtù Tó Ga Jù Lọ, bárísítà ni, sọ̀lísítọ̀ ni. Agbádá méjì ló wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tó ń dán lójú aráyé la mọ̀, a ò mọ ìkejì.

Ó ní ibi tí èyí ti wá. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ní 1879 ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ náà ní Inner Temple, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ bárísítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1888 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn lọ́yà ní Èkó. Lásìkò yẹn, lọ́yà tó kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan. Òfin kóòtù ti 1876 wá fàyè gba àwọn tó kàn mọ̀wé, tí wọ́n sì ti gbọ́ òfin díẹ̀díẹ̀ sétí, pé kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn wí, ìlú nílò wọn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àṣà yẹn ṣì wà lára wa dòní. A ṣì gbà pé ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ bá dára, tó bá ti lè kọ "Èmi Lágbájá ta ilẹ̀ fún Làkáṣègbè," ó ti kọ ìwé ilẹ̀ nìyẹn.

Òfin Nàìjíríà kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Abala 22 nínú òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà sọ pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, tó bá gbowó kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ilé, tàbí ìwé tí a fẹ́ fi gba àṣẹ lórí ogún òkú, ó ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni o! Mo rí i pé àwọn kan ń wo ara wọn. Mo fi yín sílẹ̀, ẹ má ṣe é mọ́ láti òní lọ.

ÌDÍ ILẸ̀ NI Ẹ JẸ́ KÍ A TI BẸ̀RẸ̀

Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni owó yín ń bá lọ jù.

Ìtàn kan rèé. Mo ti yí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá wọn mọ̀ padà. Tísà méjì, tọkọtaya, gba owó ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n ra ilẹ̀ lẹ́yìn Mọníyà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta ló tà á fún wọn. Wọ́n fún wọn ní risíìtì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ obì. Bàbá kan tó ń ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ló kọ àgírímẹ́ǹtì. Wọ́n kọ́ ilé dé ibi lẹ́ńtù. Lọ́jọ́ kan wọ́n débẹ̀, wọ́n bá ọ̀dà pupa lára ògiri: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TI TÍTÀ. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí náà, kò gbọ́ sí i rárá. Kò fọwọ́ sí i, kò gba kọ́bọ̀, kò mọ̀ wọ́n rí.

Kí ni òfin wí? Òfin ti sọ ọ́ tipẹ́, láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì bá àwọn àgbààgbà ẹbí sọ ọ́, títà náà dúró, àmọ́ wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n tà. Òfo ni. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa: ti àkọ́kọ́ ṣeé gbé dúró, ti ìkejì kò dìde rí. Ìwé mẹ́wàá kò lè mú un dúró, risíìtì kò lè mú un dúró, obì ọjọ́ yẹn kò lè mú un dúró.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gba àwọn tísà méjì yìí sílẹ̀: "Mọ́gàjí dà?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí sọ̀lísítọ̀ máa ń bi ọmọ onílẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju tísà lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ títí yóò fi rí i.

Kí ni ó tún máa ń ṣe? Yóò gba ìwé sọ́fé ilẹ̀ náà, yóò ní kí sọ̀fíyọ̀ mú un lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá sọ̀fíyọ̀ ìjọba, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á sọ fún yín. Yóò lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì, yóò yẹ ìwé wò bóyá wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn, bóyá báǹkì ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Yóò lọ sí kóòtù bó bá gbúròó ẹjọ́ lórí rẹ̀. Yóò rìn dé orí ilẹ̀ gan-an, yóò bi aládùúgbò. Nígbà tí gbogbo èyí bá parí ni yóò tó mú bírò kọ ohun tí a ń pè ní Deed of Assignment, ìwé tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ fi ń gbé e fún ẹni tó rà á. Àwọn ènìyàn rò pé kíkọ yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Rárá o. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ ni wọ́n ń sanwó fún.

Lẹ́yìn èyí ni ìyọ̀ǹda Gómìnà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ Gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó ń dì í mú fún aráàlú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ilẹ̀ tó ti ní ìwé ìjọba fún ẹlòmíràn, bí ẹ tà á ni o, bí ẹ fi dúró fún owó báǹkì ni o, Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn níwájú pé ìjọba fẹ́ gbowó ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí báǹkì ńlá ṣe kọsẹ̀ lórí rẹ̀.

Báǹkì náà ni Savannah Bank, ẹjọ́ òun àti Ajilo. Wọ́n fi ilé dúró fún owó tí báǹkì yá wọn. Owó kò wọlé, báǹkì fẹ́ lu ilé náà ní gbànjo. Onílé gba kóòtù lọ, ó ní ìwé tí àwọn jọ ṣe kò ní ìyọ̀ǹda Gómìnà. Ó dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní 1989. Kí ni wọ́n dá? Wọ́n ní òótọ́ ni, ìwé náà kò wúlò, báǹkì kò lè fi ta ilé. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ti jẹ owó náà ló ń sọ pé ìwé kò dára, òfin sì gbè é. Inú mi kò dùn sí ìdájọ́ yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á nílé ìwé, torí ẹni tó yáwó ni ó yẹ kí ó san án. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni mo ń rí i pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tóbi. Báǹkì ní owó, ó ní òṣìṣẹ́, ó ní ilé alájà. Ìbùwọ́lùwé kan ló kù, gbogbo rẹ̀ sì já sí asán. Ẹni tó gbọ́dọ̀ rí i pé ìbùwọ́lùwé yẹn kò kù ni sọ̀lísítọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará lókè òkun, tiyín rèé. Ọmọ wa ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ ra ilé níbẹ̀, ó wá sọ̀lísítọ̀, ó sanwó, ó dúró fún oṣù bíi mélòó kan, kò ráhùn. Ọmọ kan náà fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn, ó fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó bá òun ra èyí tó bá dáa. Àbúrò fi fọ́tò ilẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó parí! Orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Orúkọ àbúrò. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà àbúrò kú, ìyàwó àbúrò ní ilé ọkọ òun ni. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹjọ́ irú èyí ló pọ̀ jù lórí tábìlì mi, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwé àṣẹ kékeré kan, tí sọ̀lísítọ̀ kọ, tó sọ pé àbúrò ń ṣojú ẹ̀gbọ́n ni, tó sì sọ orúkọ ẹni tí yóò wà lórí ìwé ilẹ̀, ì bá ti dá ìfẹ́ wọn sí.

Ohun kan kí n tó kúrò nídìí ilẹ̀. Lọ́yà ẹni tó ń tà kì í ṣe lọ́yà yín. Bó ti wù kó rẹ́rìn-ín tó, ti oníbàárà rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀yin ayálégbé náà, ẹ máa ń san owó ẹ́jẹ́ńsì àti àgírímẹ́ǹtì. Àgírímẹ́ǹtì tí ẹ sanwó rẹ̀ yẹn, ta ló kà á nínú yín? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọwọ́ kò pọ̀! Ẹ̀yin lẹ sanwó, lọ́yà onílé ló kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ máa kà á. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ mú un lọ bá lọ́yà tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

OGÚN

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Àwọn bàbá wa kò ka bíbéèrè nípa ọ̀la sí èèwọ̀. Kí ló dé tí àwa wá ń sá fún wíìlì? "Ṣé o fẹ́ kí n tètè kú ni?" Bàbá mélòó ló ti dá mi lóhùn báyìí!

Ní Èkó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú ní 1940. Kò ṣe wíìlì. Ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún un, ọmọ mẹ́sàn-án. Báwo ni kí wọ́n pín in? Àwọn kan ní kó jẹ́ ìdí igi, ìyẹn ni pé kí á pín in sí mẹ́rin, ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kó jẹ́ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ dọ́gba. Kóòtù àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Kóòtù tó ga jù ú lọ ní rárá, ìdí igi ni. Wọ́n gbé e kọjá òkun lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà yẹn, àwọn náà ní ìdí igi ni, ní 1962. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún 22 lẹ́yìn tí bàbá ti kú! Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń jókòó sọ fún ọmọ Yorùbá bí yóò ṣe pín ogún bàbá rẹ̀.

Ìdí igi yẹn sì ni àṣà tí kóòtù ń tẹ̀ lé fún Yorùbá dòní. Ó túmọ̀ sí pé bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan, tí ìkejì bí márùn-ún, ọmọ kan yẹn ni yóò dá gba iye tí àwọn márùn-ún yóò pín láàárín ara wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ? Bí ẹ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò burú. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ẹ wà láàyè nìkan lẹ lè sọ ọ́.

Wíìlì kò le. Ẹ óò fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ṣe é, torí ohun tí ẹ fún un lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lè fi pa mọ́ sí Kóòtù Gíga. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ sọ ọ́ fún sọ̀lísítọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí ó bá òfin ogún ẹ̀sìn yín mu, yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti òwò, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ da owó pọ̀ ṣòwò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó mú èyí tó pọ̀ jù wá, bí èrè yóò ṣe pín, àti bí ẹnì kan yóò ṣe jáde bí ó bá sú u. Èyí tó kẹ́yìn yẹn la máa ń gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tún mọ̀ pé láti 2020 ni òfin ilé-iṣẹ́ ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá wá orúkọ ẹ̀gbọ́n yín kún un.

OWÓ ÀTI ÀṢÍRÍ

"Ṣé lọ́yà kò ní í jẹ owó mi? Ṣé kò ní í tú àṣírí mi?" Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì ní í fi ojú kékeré wò ó, torí àwọn kan nínú wa ti ṣe ohun tó ń ti gbogbo wa lójú.

Ti owó: òfin sọ pé owó oníbàárà kò gbọ́dọ̀ bá owó lọ́yà dà pọ̀. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kí ó wà. Bí sọ̀lísítọ̀ bá gba owó ilẹ̀ yín kí ó tó fi fún ẹni tó ń tà á, owó yín ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ béèrè risíìtì, ẹ béèrè orúkọ àkáǹtì náà. Bí ó bá bínú pé ẹ béèrè, ẹ dìde.

Ti àṣírí: abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 dáàbò bo ohun tí ẹ bá sọ fún lọ́yà yín nídìí iṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbà á láyè. Ọ̀kan tí òfin yọ sílẹ̀ ni bí ẹ bá fẹ́ lo lọ́yà láti fi hùwà ọ̀daràn, ìyẹn kò sí lábẹ́ ààbò kankan. Nítorí náà, ẹ sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ bá ti ta apá kan ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí ìyàwó kan bá wà tí ilé kò mọ̀, ẹ sọ ọ́! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, kì í pa yín lẹ́rìn-ín.

Bí lọ́yà bá hùwàkiwà, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń bá lọ́yà wí, wọ́n sì lágbára láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ní ẹ̀ka níbí ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ Ẹ ṢE FẸ́ MỌ OJÚLÓWÓ

Ìbéèrè tí alága bi mi kí n tó gorí pèpéle ni mo fi sí ìparí: báwo la ṣe máa mọ̀ pé lọ́yà gidi ni? Orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé gbọ́dọ̀ hàn, orúkọ ènìyàn, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì nìkan. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ da ìwé ẹjọ́ nù torí pé orúkọ ọ́fíìsì ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, wọ́n ní ọ́fíìsì kò sí nínú ìwé àwọn lọ́yà, ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ tún wo òǹtẹ̀ NBA tí orúkọ lọ́yà náà wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ bá a, ẹ mú gbogbo ìwé lọ, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò wúlò: risíìtì tó ti ya, sọ́fé àtijọ́, lẹ́tà tí bàbá yín kọ. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ sì lọ kí ẹ tó sanwó ilẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìyá tó nawọ́ láti àárọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tiyín.